Ọmọ mi ń mu igbó, ó tún ti fi ọtí kún un: ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ olùgbaninímọ̀ràn

Abiyamọ_Kan kọ pé:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. N kò kọ nǹkan síbí rí, kíkà ni mo máa ń kà. Ọ̀rọ̀ yìí ti ju ohun tí mo lè dá gbé lọ ni.

Ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 16. Láti bí oṣù mẹ́ta ni mo ti ń rí i pé ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, ó ń sùn lọ́sàn-án gangan, bọ́ọ̀lù tí ó fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ, ó ti pa á tì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fẹ́ fọ aṣọ, mo bá igbó nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni. Mo sunkún, bàbá rẹ̀ pariwo, ọmọ wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Fún ọjọ́ mẹ́ta kò bá wa sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin ó wọlé, ẹnu rẹ̀ ń rùn fún ọtí.

Bàbá rẹ̀ ní kí á gbé e lọ síbi tí wọn yóò ti tì í mọ́lé fún oṣù mẹ́fà kí orí rẹ̀ lè pé. Èmi ní kí á wá olùgbaninímọ̀ràn tó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́. Ọmọ náà ní òun kò lọ síbì kankan, pé òun kì í ṣe wèrè.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé a lè gba ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ nímọ̀ràn? Bí ó bá sì lọ, ṣé ẹni náà yóò máa sọ ohun tó bá sọ fún mi? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Bàbá_Ọlọ́mọ_Mẹ́ta kọ pé:

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ibi tí bàbá ọmọ yín dúró sí yẹn, mo ti dúró síbẹ̀ rí, n kò sì ní bú u. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù àwa ọkùnrin máa ń gba ẹnu ìbínú jáde.

Ọmọbìnrin mi ni tèmi. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà náà, ọtí líle ni. Mo nà án. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pe ẹbí jọ lé e lórí kí ojú lè tì í. Ojú tì í lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tìtorí ìyẹn jáwọ́. Ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ mi lọ́dún náà ni bí a ti ń fi nǹkan pamọ́. Oṣù márùn-ún gbáko tí mo fi ń dúpẹ́ pé ó ti fi í sílẹ̀, inú ike omi tó ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́ ni ọtí náà wà.

Lọ́jọ́ kan ó mu ún dákú níta. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ pè mí, ó ti bẹ̀ wọ́n ṣáájú pé ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má pè mí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù mi bà òun ju ikú lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ bínú, ṣùgbọ́n kí ó wá tú ìbínú náà sọ́dọ̀ wa níbí, kí ó má tú u sí ọmọ lára. Ẹ má sì tì í mọ́ ibì kankan kí ẹni tó mọṣẹ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùgbaninímọ̀ràn_Ọ̀dọ́ kọ pé:

Màmá, ẹ kú ìnira. Ọdún 14 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ ọdún 12 sí 19 ni mo ń bá jókòó. Màá fi ìbéèrè tí kò jẹ́ kí ẹ sùn ṣe àkẹ́yìn, nítorí òun ló gba àlàyé jù.

Ọmọ tí kò fẹ́ lọ: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi ni kò fẹ́ wá. Òbí ló mú wọn wá, tàbí ilé ẹ̀kọ́, tàbí ilé ẹjọ́. Bí wọ́n bá dé, n kì í bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń mu igbó, nítorí wọ́n ti gbọ́ “kí ló dé” títí ó ti sú wọn. Onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá kan, William Miller, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí mo ń gbà bá wọn sọ̀rọ̀ (motivational interviewing ni wọ́n ń pè é) ní 1983, òun àti Stephen Rollnick sì jọ mú un gbòòrò lẹ́yìn náà. A ó bi ọmọ ní ìbéèrè tí kò ṣeé fi “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” dáhùn. A ó gbọ́ ọ tán. A ó tún ohun tó sọ sọ fún un kí ó lè mọ̀ pé ó dé etí wa. Lẹ́yìn náà a ó ní sùúrù títí ìdí tí yóò fi jáwọ́ yóò fi ti ẹnu òun fúnra rẹ̀ jáde. Ìdí tí ẹ̀yin bá fún un, yóò bá yín jiyàn lé e lórí. Èyí tó bá ti ẹnu ara rẹ̀ jáde kì í rọrùn fún un láti jiyàn.

Torí náà, bí ẹ bá fẹ́ bá a sọ ọ́, ẹ má sọ pé ó ń ṣàìsàn. Ẹ ní kí ó lọ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó wo ẹni náà bóyá ó ṣeé bá jókòó. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ ó jọ wá ẹlòmíràn. Bí ẹ bá rí ẹni méjì, kí òun ni kó yan ọ̀kan. Ọmọ tí wọ́n ti gba gbogbo ìpinnu lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn tó lè kọ̀ ju ọ̀rọ̀ yín lọ.

Ẹ kò sì tíì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti jìn tó. Ọmọ tó tọ́ ọ wò, ọmọ tó ń lò ó lópin ọ̀sẹ̀, àti ọmọ tó ti di bárakú fún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n nílò. Àwọn ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń pè ní CRAFFT, mẹ́fà ni wọ́n, fún àwọn ọmọ ọdún 12 sí 21. Ṣé o ti wọ ọkọ̀ rí tí awakọ̀ rẹ̀, tàbí ìwọ fúnra rẹ tí o wà á, ti mutí tàbí lo oògùn? Ṣé o máa ń lò ó kí ara lè tù ọ́ tàbí kí o lè bá ẹgbẹ́ mu? Ṣé o máa ń dá lò ó? Ṣé o máa ń gbàgbé ohun tí o ṣe nígbà tí o lò ó? Ṣé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ ti ní kí o dín in kù? Ṣé ó ti kó ọ sí wàhálà rí? Bí ọmọ bá dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” sí méjì, ó yẹ kí onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò jinlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wọ́n dá a lẹ́jọ́ lórí àga nínú ilé. Ẹni tí kò ní bínú sí ìdáhùn ló yẹ kí ó bi í.

Ní ti oṣù mẹ́fà nínú àhámọ́: ilé ìtọ́jú tí ọmọ ń sùn sí wúlò fún ọmọ tí ara rẹ̀ ti gbára lé ohun náà pátápátá, tàbí tí ibi tó ń gbé léwu fún un. Ilé tí dókítà àti nọ́ọ̀sì wà ni mò ń sọ o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń de ọmọ mọ́lẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀dọ́ kò nílò rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ṣe ìwádìí lórí ọ̀dọ́ 600 tó ń lo igbó, àbájáde rẹ̀ jáde ní 2004. Oríṣi ìgbaninímọ̀ràn márùn-ún ni wọ́n gbé yẹ̀ wò, àwọn ọmọ náà ń ti ilé wá ni. Gbogbo oríṣi márààrún ló ran ọmọ lọ́wọ́, títí kan èyí tó jẹ́ ìjókòó márùn-ún péré. Kí a fi ẹ̀wọ̀n dẹ́rù ba ọmọ ńkọ́? Wọ́n ti yẹ ìyẹn náà wò: àwọn tí wọ́n mú lọ wo ẹlẹ́wọ̀n tún rú òfin lẹ́yìn náà ju àwọn tí wọn kò mú lọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Màmá, rárá, n kò ní máa sọ fún yín. Mo mọ̀ bí ó ti ń dunni tó. Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀yin lẹ ń san owó, àjèjì kan wá ń gbọ́ ohun tí ẹ kò gbọ́. Àmọ́ ìgbà tí ọmọ bá gbà pé ohun tó sọ kò ní dé iwájú yín lálẹ́ ni iṣẹ́ wa tó bẹ̀rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, irọ́ ni yóò máa pa fún mi, ẹ ó sì máa san owó irọ́.

Àwọn ohun kan wà tí n kì í bò mọ́ra. Bí ọmọ bá fẹ́ pa ara rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ pa ẹlòmíràn lára. Bí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí tó ń bá a ṣe ìṣekúṣe. Bí ohun tó ń lò, tàbí bí ó ṣe ń lò ó, bá ti ń fẹ̀mí rẹ̀ wewu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òbí àti ọmọ yóò jókòó níwájú mi, màá ka àwọn nǹkan wọ̀nyí sí wọn létí pa pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé òun kò mọ̀. Bí ó bá di dandan kí n sọ nǹkan kan, ọmọ ni màá kọ́kọ́ sọ fún pé mo fẹ́ sọ ọ́, màá sì bi í bóyá òun fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí èmi jókòó tì í. Èyí tó pọ̀ jù máa ń yàn láti sọ ọ́ fúnra wọn.

Ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí ni bóyá ó ń wá, bóyá ọ̀rọ̀ ń lọ síwájú, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe nílé. Òfin orílẹ̀-èdè kò dọ́gba lórí ohun tí òbí lè béèrè nínú ìwé ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ẹ bá fẹ́ lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun yóò máa sọ ohun gbogbo fún yín kí inú yín lè dùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

MoTiJáde23 kọ pé:

Mọ́mì, ẹ kú ojúmọ́. Èmi ni irú ọmọ tí ẹ ń sọ yìí. Ọmọ ọdún 23 ni mí báyìí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ sókè yẹn ṣẹlẹ̀ sí mi lódì kejì. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 15, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ní ìjókòó kejì mo sọ fún un pé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni n kò ti lè sùn, pé igbó ló ń bá mi sùn. Kí n tó délé, màmá mi ti mọ̀. Ó di mọ́ mi, ó ń sunkún. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára mi. Ọdún kan gbáko kọjá kí n tó tún bá ẹnikẹ́ni sọ òtítọ́, nínú ọdún yẹn ni mo sì ti igbó bọ́ sínú tramadol, oògùn ìrora tó lágbára.

Ẹnì kejì tí mo lọ bá bi mí ní ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí. Ó ní: “Kí ni ó ń bá ọ ṣe?” Kò bi mí nípa ohun tó ń bà jẹ́, ohun tó ń bá mi ṣe ló béèrè. Mo ní ó ń jẹ́ kí ilé dákẹ́. Ó ní, “O ṣeun tí o sọ fún mi.” Ó parí. Kò kọ nǹkan sílẹ̀ lójú mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ déédéé. Ọ̀rọ̀ oorun àti ọ̀rọ̀ bàbá mi ni a fi bí oṣù méjì sọ kí a tó kan oògùn. Wọ́n tún mú mi lọ rí dókítà nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, nítorí ó ti wà lára mi kí n tó mọ igbó.

Nítorí náà, mọ́mì, bọ́ọ̀lù tó pa tì yẹn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó lè jẹ́ igbó ló gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ nǹkan kan ti ba bọ́ọ̀lù jẹ́ fún un kí ó tó wá igbó lọ.

Ẹni_Àtijọ́ kọ pé:

Mo ti kà gbogbo rẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ ń kẹ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí jù. Ní tiwa, bí òbí bá sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ọmọ á gbọ́. Ọmọ ń mu igbó nínú ilé bàbá rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n máa bi í ohun tó ń bá a ṣe. Ta ni yóò wá sọ fún un pé ohun tó ń ṣe kò dára?

Olùgbaninímọ̀ràn_Ọ̀dọ́ kọ pé:

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ jàre níbì kan: ilé gbọ́dọ̀ ní òfin, ó sì yẹ kí ọmọ gbọ́ ọ lẹ́nu òbí kedere pé a kò fẹ́ igbó àti ọtí nínú ilé yìí. Ohun tí a ń sọ ni pé kí òfin náà má pọ̀, kí ọmọ mọ ohun tí yóò tẹ̀lé e bí ó bá rú u, kí ohun náà sì jẹ́ ọ̀kan náà lónìí àti lọ́la. Òfin tí inú bíbí òbí ń yí padà kì í ṣe òfin. Apá ọpọlọ tí a fi ń kó ara ẹni níjàánu kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún 25, nítorí náà ọmọ ọdún 16 nílò kí ohun tó ń kó o níjàánu ti ìta wá, kí ó sì dúró gbọn-in.

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún màmá, bí ọmọ bá kọ̀ láti lọ pátápátá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní CRAFT (ẹ má pa á pọ̀ mọ́ CRAFFT òkè yẹn, orúkọ ló jọra). Robert Meyers ló ṣe é fún ìdílé tí ẹni wọn kò gbà láti gba ìtọ́jú. Òbí ló ń lọ jókòó. Wọ́n ó kọ́ yín láti bá ọmọ ṣeré, láti yìn ín, láti wà níbẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bá mọ́, kí ẹ sì fà sẹ́yìn láìpariwo nígbà tó bá ti lò ó. Bí ó bá sùn kọjá àkókò ilé ẹ̀kọ́ nítorí ọtí àná, ẹ má kọ lẹ́tà pé ara rẹ̀ ni kò yá. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n ṣe, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìdílé tó lo ọ̀nà yìí ló rí i pé ẹni wọn gbà láti lọ fún ìtọ́jú. Nítorí náà, bí kò bá lọ, ẹ̀yin ẹ lọ.

Nọ́ọ̀sì_Òru kọ pé:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi dúró díẹ̀ kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ ìgbaninímọ̀ràn lọ. Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn nǹkan kan wà tí kì í dúró de ọjọ́ ìjókòó.

Bí ọmọ bá mutí tí ẹ jí i tí kò jí, tàbí tó ń bì lójú oorun, tàbí tí èémí rẹ̀ ń jìnnà síra, tí ara rẹ̀ tutù, ẹ má ní kí ó sùn kí ọtí lè dá lójú rẹ̀. Ọtí tó ti mu ṣì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí èébì má bàa há a lọ́nà ọ̀fun, kí ẹ pe ọkọ̀ aláìsàn, kí ẹ má sì fi í sílẹ̀. Kọfí kò lè ṣe nǹkan kan sí i, omi tútù lè pa á lára.

Bí ó bá jẹ́ oògùn ìrora tó lágbára, irú codeine tàbí tramadol tàbí heroin, ẹ wo ọmọlójú rẹ̀, ibi dúdú róbótó àárín ojú: yóò kéré bí orí abẹ́rẹ́, ètè yóò dúdú tàbí kó di bí aró, èémí yóò lọ́ra. Oògùn kan tó ń jẹ́ naloxone lè dá a padà bí ó bá tètè dé, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè tán kí ti oògùn náà tó tán, torí náà ilé ìwòsàn ṣì di dandan. Tramadol tún lè fa gìrì.

Ẹni tó ń fa gáàsì tàbí gọ́ọ̀mù símú, bí ẹ bá ká a mọ́ ọn, ẹ má lé e, ẹ má pariwo mọ́ ọn lójijì. Irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ máa ń mú ọkàn ṣe bí ẹni pé ìpayà díẹ̀ ló kù kí ó dúró. Ọmọ lè ṣubú kú lórí eré sísá. Ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ pè é, kí ẹ mú un jókòó síbi tí atẹ́gùn wà.

Bí ọmọ bá ti ń mu ọtí tàbí oògùn oorun lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, ẹ má jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí dókítà. Gbígbọ̀n àti gìrì lè tẹ̀lé e, ó sì lè pa ènìyàn. Èyí gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù lórí ọ̀rọ̀ títì mọ́lé. Ti igbó kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbínú, àìrísùn àti àìfẹ́ jẹun ló sábà máa ń wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ yóò sì lọ láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ má bàa rò pé ìwà ọmọ ló tún burú sí i ní ọ̀sẹ̀ tó ń gbìyànjú jù.

Èyí tó kẹ́yìn: ẹni tó ti fi oògùn ìrora sílẹ̀ fún oṣù kan tó wá padà sí iye tó ń lò tẹ́lẹ̀, iye náà lè pa á, nítorí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún ọmọ láìdẹ́rù bà á. Àti àpótí oògùn inú ilé, ẹ tì í pa.

Tíṣà_Ìṣirò kọ pé:

Ilé ẹ̀kọ́ lẹ ò tíì mẹ́nu bà. Bí ẹ bá ní olùkọ́ kan tí ọmọ náà gbọ́ràn sí lẹ́nu, ẹnì kan péré ni kí ẹ sọ fún, ẹ má sọ fún gbogbo ọ́fíìsì. Lílé ọmọ kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí igbó kàn ń fún un láyè láti mu ún ní àárọ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n MoTiJáde ti sọ ti bọ́ọ̀lù, mo fara mọ́ ọn. Ní Iceland, ní 1998, ìdá 42 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún 15 sí 16 ló sọ pé àwọn mutí yó nínú oṣù kan tó kọjá. Ní 2016 ó ti di ìdá 5. Eré ìdárayá, orin, àkókò pẹ̀lú òbí àti àìrìn ní òru wà lára ohun tí wọ́n mú ní pàtàkì. Ẹ má fi bọ́ọ̀lù jẹ ẹ́ níyà. Mo ti rí òbí tó gba bàtà bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ nítorí sìgá, inú mi bàjẹ́ fún un.

Abiyamọ_Kan kọ pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì sí ọkọ mi létí, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Kò mẹ́nu ba títì mọ́lé mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ra ohun èlò tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, ó ní ní gbogbo ọjọ́ Àìkú ni kí ọmọ máa tọ̀ sínú rẹ̀. Ṣé ó dára?

Mo tún ní ọmọbìnrin ọdún 13. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ń bá mi sùn láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Olùgbaninímọ̀ràn_Ọ̀dọ́ kọ pé:

Ẹ má ì lò ó, màmá. Ìtọ̀ ẹni tó ń mu igbó gan-an lè fi í hàn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ẹ ó sì pe olóòótọ́ ní òpùrọ́. Ọtí ní tirẹ̀ tètè ń kúrò, òpùrọ́ yóò lọ láre. Oògùn mìíràn wà tí irú èyí tí a ń rà sílé kò lè rí rárá. Bí àyẹ̀wò bá máa wà, kí ó jẹ́ ara ìtọ́jú, kí ọmọ mọ̀ nípa rẹ̀, kí dókítà sì ṣàlàyé àbájáde rẹ̀.

Ọmọbìnrin yín ń gbé ẹrù kan náà láìsí ẹni tó bi í. Ẹ bi í. Ẹ sọ òtítọ́ níwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ má fi ṣe amí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹgbẹ́ Alateen, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, wà fún irú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọmọ tó ń mutí ló wà fún, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ọtí mímu ẹlòmíràn ń da láàmú ló wà fún. Al-Anon ni ti àwọn àgbà.

Abiyamọ_Kan kọ pé (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà):

Mo ní kí n wá jíyìn fún yín.

Ó kọ̀ láti lọ fún ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi àti bàbá rẹ̀ la kọ́kọ́ lọ bá obìnrin kan tó jẹ́ olùgbaninímọ̀ràn, bí ẹ ti wí. Ọkọ mi sọ nǹkan kan níbẹ̀ tí n kò gbọ́ rí láti ọdún 19 tí a ti fẹ́ra: pé ọtí ló pa àbúrò òun, pé bí òórùn rẹ̀ bá ti jáde lẹ́nu ọmọ, òkú àbúrò òun ni òun máa ń rí. Obìnrin náà bi í bóyá ọmọ mọ̀ nípa rẹ̀. Ó ní rárá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá ọmọ, ó sọ ọ́ fún un. N kò mọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, n kò sì tẹ́tí. Ní ọjọ́ kejì ọmọ ní òun yóò lọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kan péré.

Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo jókòó síta, mo fẹ́ gbé etí sára ògiri. Nígbà tó jáde mo bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, “Nǹkan.” Mo dákẹ́. Ọmọ mi MoTiJáde, ìwọ ni mo rántí, mo ní kí n má bọ́ aṣọ lára ọmọ mi.

Kò tíì jáwọ́ tán. Kí n má purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, aago mọ́kànlá alẹ́, mo ń fọ abọ́, ó wọlé láti ẹ̀yìn mi, ó ní: “Mọ́mì, mo mutí lọ́jọ́rú. Ife méjì ni. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.” Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nínú omi. Gbogbo ohun tí mo ti fẹ́ sọ láti oṣù mẹ́ta wá sí mi lẹ́nu. Mo ní, “O ṣeun tí o sọ fún mi.” Ó fa àga, ó jókòó.

Bọ́ọ̀lù, ọmọ kan níbẹ̀ ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìgbà tó ti gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn nínú ìdíje. Kò ju ìyẹn lọ. Mo sì ti rò pé ohun ńlá ni.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó kọ́kọ́ jókòó pa pọ̀ níwájú obìnrin náà, àwa mẹ́ta. Ọkọ mi ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi ní òun náà fẹ́ wá, a ó béèrè bóyá wọ́n gbà.